Ológbò Kì í Ṣe Ọ̀lẹ, Oríkèé Ló Ń Dùn Ún

Nínú ilé tí ológbò bá ti pẹ́, ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kà sí i lọ́rùn bó bá ti ń dàgbà. Àkọ́kọ́ ni pé ó ti ya ọ̀lẹ: kò pa eku mọ́, ibi tó sùn sí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn láàárọ̀ náà ni wọ́n á bá a nírọ̀lẹ́. Èkejì ni pé ó ti di ọ̀bùn: irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti dì pọ̀, ó sì ti ń yàgbẹ́ síbi tí kì í yà á sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé inú rẹ̀ ti burú: ọmọ tó ń gbé e mọ́ra láti kékeré fọwọ́ kàn án nídìí, ó sì fi èékánná ya ọmọ ọlọ́mọ lára. Àwọn kan a tilẹ̀ ti ọ̀rọ̀ àjẹ́ bọ̀ ọ́, nítorí ẹranko tó bá ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án gangan, tó ń kùn bí wọ́n bá sún mọ́ ọn, kì í pẹ́ kó tó bọ́ sẹ́nu aládùúgbò. Èrò tèmi ni pé ibì kan náà ni ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti sábà máa ń wá, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ológbò nínú wọn. Àìsàn ni. Irú èyí tí a ń pè ní làkúrègbé bó bá mú ènìyàn ló mú un: oríkèé ti jẹ, ó ń ro ó, ara kò sì gbà á láyè láti ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí i, yóò sì mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ dán wò, nítorí oògùn kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ilé tó lè pa ológbò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Oríkèé ni ibi tí egungun kan ti pàdé òmíràn. Orí egungun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ìbòrí kan tó funfun, tó ń dán, tó sì rọ̀ díẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Omi kan tún wà láàárín wọn, tó ń yọ̀ tó sì ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tó ń mú kí oríkèé máa ṣí kó sì máa pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí àìsàn yìí bá dé, ìbòrí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í họ, omi náà á dẹ̀, awọ tó yí oríkèé ká á wú, egungun á sì máa hu kókó wẹ́wẹ́ létí. Kò sí oògùn tó lè dá ìbòrí tó ti jẹ padà sí bó ṣe wà. Lára ológbò, ìgúnpá, ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sábà máa ń mú, pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọjọ́ orí ló ń fà á jù, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ológbò tó já láti orí òrùlé tàbí tí ọ̀kadà gbá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán tó sì jinná láìtọ́, oríkèé tó wà nítòsí ibẹ̀ yóò tètè jẹ. Ẹ̀dọ̀ náà lè fa tirẹ̀: ológbò tí kì í jẹ nǹkan míì ju ẹ̀dọ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, fítámìnì A á pọ̀ jù lára rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ á sì máa so pọ̀ títí kò fi ní lè yí orí mọ́. Irú ológbò kan sì wà tí etí rẹ̀ ká síwájú, Scottish Fold, tí àwọn olówó ń ná owó gidi lé lórí nítorí ojú rẹ̀. Láti ara ológbò funfun kan tí wọ́n rí ní Perthshire ní Scotland ní 1961 ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Àbùkù tó ká etí wọn náà ló ń ba oríkèé wọn jẹ́, débi pé èyí tó ṣì kéré nínú wọn lè ti ní làkúrègbé. Ẹni tó bá ra ẹranko nítorí irú etí bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ìrora ló fowó rà.

Báwo ló ti wọ́pọ̀ tó? Ní 2002, àwọn oníṣègùn ẹranko ní North Carolina State University ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwòrán X-ray ológbò 100 tí wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún 12. Oríkèé ti bàjẹ́ lára 90 nínú wọn. Ní 2010, Duncan Lascelles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan náà tún ṣe èyí tó yà mí lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn kò mú arúgbó nìkan: ológbò 100 ni wọ́n ṣà, láti ọmọ oṣù 6 títí dé ọmọ 20 ọdún, wọn kò sì wò ó bóyá ó ń ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Nínú 92, ó kéré tán, ibì kan wà tí oríkèé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní Utrecht ní Netherlands, ìwádìí 2011 lórí ológbò 100 tí wọ́n ti pé ọdún 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí i lára 61. Bí oníwádìí kọ̀ọ̀kan ṣe ń kà á ló jẹ́ kí iye yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ pé ohun tí a kì í sábà rí ni.

Ẹnìkan lè sọ pé X-ray kì í ya àwòrán ìrora. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì yẹ ká fò ó dá. Oríkèé tó burú lójú àwòrán lè má dun ẹranko rárá, èyí tó mọ́ nigínnigín lè máa ro ó gan-an. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè fi ìwádìí 2010 sọ pé ológbò 92 nínú 100 ló ń jẹ̀rora. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ yàtọ̀: bí àìsàn bá wọ́pọ̀ tó báyìí, tí àwòrán kò sì lè dá nìkan sọ ẹni tó ń dùn, ibòmíràn la gbọ́dọ̀ ti wá ìdáhùn. Tábìlì dókítà náà kò tó. Ológbò tí wọ́n kì mọ́ inú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀, tó ń gbóhùn ajá lọ́tùn-ún lósì, kó tó débẹ̀ ẹ̀rù ti gbé e mì. Á ká jọ gbagidi tàbí kó máa jà, ẹ̀rù á sì bo ìrora mọ́lẹ̀. Ilé tó ń gbé, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ni ẹ̀rí wà, ẹni tó ń bá a gbé ló sì máa kó o jọ.

Ènìyàn ni wọ́n ń wí fún pé ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni; ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ara ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, ẹranko tó ń dá ọdẹ ṣe, tí kò ní ẹgbẹ́ tó máa wá oúnjẹ fún un bó bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Òun náà sì kéré débi pé àwọn ẹranko tó jù ú lọ ń pa á jẹ, nítorí náà èyí tó bá ń ké, tó ń tiro ní gbangba, ti polówó ara rẹ̀ fún ọ̀tá. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà tí àìsàn náà gbà ń mú un kì í jẹ́ kó tiro. Bí oríkèé kan bá ń dun ajá, á gbé ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀, ojú gbogbo ayé á sì rí i. Ti ológbò, ìgúnpá méjèèjì tàbí ìbàdí méjèèjì ló sábà máa ń bàjẹ́ pọ̀. Kò sí ẹsẹ̀ tó sàn tó máa gbára lé, ìrìn ló kàn máa ń dín kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n ń dúró de igbe àti títiro. Ìgbà tí wọn kò rí méjèèjì, wọ́n gbà pé ara ológbò le koko. Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni èyí tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́, tàbí tó ń ṣe lọ́nà mìíràn.

Ẹ wò ó bó bá fẹ́ fò gun fèrèsé. Èyí tí ara rẹ̀ dá kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á gbójú sókè, ó ti débẹ̀. Èyí tí oríkèé ń dùn á dúró nísàlẹ̀, á wòkè, á rẹ ìdí sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ fò, á tún jọ̀wọ́ rẹ̀, á wòkè lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá wá fò, kò ní débẹ̀ tán: ẹsẹ̀ iwájú ló máa fi di etí fèrèsé mú, tí á fi wọ́ ara rẹ̀ gòkè, ẹ ó sì gbọ́ bí èékánná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ha ògiri. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀ sí i, á kọ́kọ́ gun àga, kó tó gun tábìlì, kó tó dé fèrèsé. Bó bá tún pẹ́, á fi fèrèsé sílẹ̀ pátápátá. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì mọ́ ara ògiri títí dé ibi tó lè nà án dé, kí ibi tó máa já lé má bàa jìn. Bó bá sì balẹ̀, ẹ ó gbọ́ gbì, ìró tí kò yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́sẹ̀ ológbò. Ní 2020, ikọ̀ North Carolina, tí Margaret Gruen wà nínú wọn, gbé ìbéèrè mẹ́fà péré jáde tí onílé lè fi yẹ ológbò rẹ̀ wò: ṣé ó ń sáré bó ṣe yẹ, ṣé ó ń fò gòkè, ṣé ó ń fò sílẹ̀, ṣé ó ń gun àtẹ̀gùn, ṣé ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣé ó ń lé ohun tó bá ń sáré. Bí ìdáhùn sí ẹyọ kan nínú wọn bá jẹ́ rárá, ó ti tó ìdí láti lọ bá dókítà ẹranko. Èyí tó gbẹ̀yìn ló kan ilé àti ṣọ́ọ̀bù wa jù, nítorí eku ni ohun tó ń sáré níbẹ̀. Ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́, tó bá rí i pé eku ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àpò níṣojú ológbò rẹ̀, kó tó lọ wá ọmọ ológbò mìíràn, kó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ èyí tó ní.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí náà kò yàtọ̀. Àkókò púpọ̀ ni ológbò fi ń lá ara rẹ̀ lójúmọ́, kó sì tó lè lá ẹ̀yìn àti ìdí, ó gbọ́dọ̀ lọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ń ro ó, ibi tí ẹnu kò dé mọ́ ni irun á ti máa dì. Ẹ fọwọ́ ra á láti èjìká lọ sí ìrù: bí èjìká bá ń dán, tí ìdí sì rí wúruwùru, ẹ ti rí nǹkan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wò. Ológbò tó ń gun igi, tó ń ha nǹkan, máa ń bọ́ èèpo èékánná rẹ̀ dànù láti ìgbà dé ìgbà. Èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, èékánná rẹ̀ á nípọn, kò ní wọlé tán, á máa ró lórí sìmẹ́ńtì bó bá ń rìn, á sì máa há sínú aṣọ. Òmíràn tilẹ̀ ń ká wọ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, tí ibẹ̀ á dá egbò sínú irun láìsí ẹni tó mọ̀. Ní ti ìgbẹ́, bí etí páànù oníyanrìn bá ga, ológbò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó wọlé, kó sì lóṣòó lórí iyanrìn tó ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìbàdí tó ń dùn kò fẹ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ páànù ni yóò yà á sí. À ń na ẹranko nítorí ohun tí a lè fi ọ̀bẹ gé etí páànù yanjú. Ọmọ tó gbé e tó sì ya lára, ibi tó ń dùn ún lọmọ náà tẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oríkèé nìkan ló ń fa gbogbo èyí o. Eyín tó jẹ, àtọ̀gbẹ, kíndìnrín tó ń kú lọ, gbogbo wọn lè fara jọ ọ́. Akọ ológbò tó bá ń lóṣòó léraléra tí ìtọ̀ kò sì jáde, ẹ má ṣe dúró wo ilẹ̀ mọ́; ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ogbó ló dé, pé kò sí ẹni tó ń wo ogbó sàn. Ìdáhùn wà nínú ìwádìí kan tí ikọ̀ North Carolina yìí kan náà gbé jáde ní 2014. Wọ́n pín àwọn ológbò tí oríkèé ń dùn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba meloxicam, oògùn tó ń pa ìrora tó sì ń mú kí ibi tó wú rọlẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apá kejì gba èyí tí kò ní èròjà kankan nínú. Onílé kankan kò sì mọ èyí tó kan tirẹ̀. Onílé apá méjèèjì ló ní ara ológbò òun ti ń yá. Bí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀ ni, à bá ní oògùn náà kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n wá fún gbogbo wọn ní èyí tí kò ní èròjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, láìjẹ́ kí onílé mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ológbò wọn ti ń gba oògùn gidi ló wá rí i pé ó tún ń padà sẹ́yìn. Ogbó kì í lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tún padà dé. Oògùn ìrora kò sì lè dín ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni kù. Bí ìṣe ẹranko bá sunwọ̀n nígbà tí ìrora rọlẹ̀, tó sì tún bàjẹ́ nígbà tí ìrora padà, ìrora ló wà nídìí rẹ̀.

Ìwádìí yẹn tún kọ́ wa lọ́gbọ́n kejì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn létí: ojú onílé ń tan onílé. Nínú irú ìdánwò oògùn báyìí, iye tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ológbò tí kò gba nǹkan kan ni àwọn onílé wọn sọ pé ó ti sàn. Ìfẹ́ àti ìrètí ló ń ṣe é. Èmi kò wá sọ pé kí a pa ojú dé, ṣùgbọ́n kí á má ṣe gbára lé ìrántí. Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ ya fídíò rẹ̀ nígbà tó ń gun ohun tó máa ń gùn, nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti nígbà tó ń sáré. Ẹ tún un yà ní ibì kan náà lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fídíò yẹn á wúlò fún dókítà ju gbogbo àlàyé tí ẹ bá ṣe lọ.

Ní ti ìtọ́jú, apá tí kò gba oògùn ni mo fi ṣáájú, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kan sábẹ́ fèrèsé tó fẹ́ràn, kí ohun tó ń fò lẹ́ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì. Kí àpótí náà dúró dáadáa o. Bó bá mì lẹ́ẹ̀kan, kò ní gùn ún mọ́. Ilẹ̀ ni kí oúnjẹ àti omi rẹ̀ wà, nítòsí ibi tó ń sùn, bó bá sì jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí omi àti páànù iyanrìn wà lókè àti nísàlẹ̀. Ike ìfọṣọ tó ti gbó á ṣe é lò: ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ títí tí yóò fi ku nǹkan bí ìka mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ fi téèpù bo etí tó mú náà, kí ẹ sì da iyanrìn kíkúnná sí i. Sìmẹ́ńtì máa ń tutù, ti ìgbà ọyẹ́ tún burú. Fóòmù àtijọ́ tí ẹ fi aṣọ wé, tí kò ga, tí ẹ gbé síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ sí i, ti tó ibùsùn. Ẹ máa bá a ya irun ẹ̀yìn tí ahọ́n rẹ̀ kò dé, kí ẹ sì máa gé ṣónṣó èékánná rẹ̀, èyí tó funfun nìkan, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú apá tó pupa. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ á rù, oríkèé tí iṣan kò gbé ró á túbọ̀ máa dùn. Ẹ wọ́ okùn nílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó máa tẹ̀ lé e láìfò.

Ológbò tó wọn kílò mẹ́rin, tó wá di kílò márùn-ún, ti fi ìdá mẹ́rin ara rẹ̀ kún ẹrù tí oríkèé ń gbé. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ tí ẹ kò sì mọ egungun ìhà lára, ó ti sanra jù. Ẹ dín in kù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, kó má ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ febi pa á rárá. Ológbò tó sanra tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá á ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, èyí sì lè pa á kí oríkèé tó ráyè sàn. Ẹran àti ẹja ni ara rẹ̀ ń fẹ́, nítorí náà èbà àti àmàlà tó ṣẹ́ kù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò nínú àwo rẹ̀. Ọ̀rá inú ẹja bíi Títùs ń ran oríkèé lọ́wọ́ díẹ̀, bí ẹ bá sè é láìsí ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Glucosamine tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lágbára. Èmi kò ní fi owó oúnjẹ rà á.

Ó wá ku oògùn, níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Parasitamọ́ọ̀lù, ìyẹn Panadol àti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, májèlé ni fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní ọ̀nà tó ń gbà so oògùn yìí mọ́ èròjà mìíràn kó tó lé e jáde kúrò nínú ara. Ọ̀nà yẹn kò ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀dọ̀ ológbò, nítorí náà ohun tó ṣẹ́ kù á máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Láàárín wákàtí mélòó kan, erìgì rẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa mí gúlegúle. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ 500 miligíráàmù tó láti pa ológbò ńlá. Ìdajì rẹ̀ kò dára, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kò dára. Ibuprofen àti diclofenac náà ń pa á, ọ̀nà kíndìnrín àti ikùn ni tiwọn. Òróró amúgbóná tí à ń fi pa orúnkún àwọn àgbà, bíi Aboniki, ẹ má ṣe fi kàn án: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó bá aspirin tan, ohunkóhun tí ẹ bá sì fi pa ológbò lára, inú rẹ̀ ló ń lá a lọ. Àwọn kan á ní bí meloxicam bá dára fún ológbò, kí ló dé tí a ò lè gé ti ènìyàn fún un? Ìṣirò ló máa dáhùn. Ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yúróòpù fún lílò ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́ 0.05 miligíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó jẹ́ 0.2 fún ológbò kílò mẹ́rin. Tábúlẹ́ẹ̀tì ènìyàn tó kéré jù jẹ́ 7.5. Kò sí ọ̀bẹ tó lè gé e sí ọ̀nà mẹ́tàdínlógójì kó dọ́gba.

Àní ti ẹranko gan-an ń fẹ́ ọwọ́ dókítà. Ní 2007 ni Yúróòpù fọwọ́ sí meloxicam olómi fún lílò pípẹ́ lára ológbò. Ní Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ gbàgàdà ti wà lára rẹ̀ láti 2010 pé fífún ológbò léraléra lè ba kíndìnrín jẹ́ kó sì yọrí sí ikú. Àwọn kan á ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ta ko ara wọn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń bẹ̀rù, ìyẹn kíndìnrín, nítorí ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ló jẹ́ pé kíndìnrín wọn ti ń rẹ̀ bí oríkèé wọn ti ń jẹ. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò kó tó fún un, tó sì máa ń tún un wò lẹ́yìn náà. Oògùn tuntun kan tún ti dé, frunevetmab, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Solensia. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2021, Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 2022. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, kì í sì í gba ọ̀nà tí meloxicam ń gbà ṣiṣẹ́: ó ń dí èròjà kan lọ́wọ́ nínú ara tó máa ń gbé iṣẹ́ ìrora lọ sí iṣan ara. Ó lè mú kí awọ máa yún ológbò mìíràn lórí àti lọ́rùn, wọn kì í sì í fún èyí tó lóyún tàbí tí kò tíì pé ọdún kan.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé owó tí ènìyàn kò rí fi tọ́jú ara rẹ̀, ta ni yóò ná an lórí ológbò? Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ oṣooṣù kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ohun tí mo kà sílẹ̀: àpótí ìjókòó, ike tó gbó, fóòmù àtijọ́, òòyà, àti èbà tí a mú kúrò nínú àwo. Ìwọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín ìrora kù, kò sì sí èyí tó ń lé ni dé báńkì nínú wọn. Ológbò tó ń ṣọ́ ọjà tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ eku, ó ti san owó dókítà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tọ́jú ẹranko tí wọ́n bá gbé wá. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú fídíò dání, ẹ fi aṣọ tó ń sùn lé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tó ti wọ ẹnu rẹ̀, títí kan àgbo. Bí ẹ bá sì ti fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kí ẹ tó ka èyí, ẹ má ṣe tijú, ẹ má sì ṣe dúró dọ̀la: ẹ gbé e lọ báyìí, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, nítorí oògùn tó ń pa májèlé rẹ̀ wà, bí ẹ bá tètè dé.